Kútẹ́ẹ̀sì Ìyàwó Mi Ló Tú Mi Fó Lórí Òkè

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ ka ọ̀rọ̀ mi tán kí ẹ tó bú mi. Lẹ́yìn náà, ẹ bú mi bó ṣe wù yín. Ìyàwó mi ti bú mi ṣáájú yín, ìyá rẹ̀ náà sì ti fi ojú bú mi, èyí tó dùn mí ju ti ẹnu lọ.

Onígbàjámọ̀ ni mí. Ṣọ́ọ̀bù mi kò tóbi: àga méjì, dígí kan tó ti là ní igun, àti bẹ́ǹṣì gígùn kan tí àwọn tí kò fẹ́ gẹrun máa ń jókòó sí láti wá sọ̀rọ̀ àwọn tó ń gẹrun. Àgbàlá wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù. Inú àgbàlá yẹn ni mo gbé ohun tó kó bá mi sí.

Ọkọ̀ ni. Ọkọ̀ àtijọ́ kan tó ní ilé nínú: bẹ́ẹ̀dì wà níbẹ̀, sítóòfù wà níbẹ̀, kọ́tìnnì wà lójú fèrèsé. Èmi àti ìyàwó mi ń pè é ní Ilé Onítáyà. Àwọn ará orí bẹ́ǹṣì ní tiwọn ń pè é ní Ìgbín, torí pé ó gbé ilé rẹ̀ sẹ́yìn, kò sì lè yára.

Kì í ṣe fún fàájì la ṣe rà á. Ìyá ìyàwó mi ń dá gbé lórí òkè kan lẹ́yìn ìlú, egungun ìbàdí sì ti ń yọ wọ́n lẹ́nu láti ọdún mẹ́rin. Tí wọ́n bá jókòó fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré, òógùn á ti máa bò wọ́n. Àfi kí wọ́n dùbúlẹ̀. Kò sí bọ́ọ̀sì tó lè gbé wọn sọ̀ kalẹ̀. Ìyàwó mi fẹ́ kí wọ́n wá máa gbé lọ́dọ̀ wa, ó sì ti bẹ̀ wọ́n fún ọdún mẹ́rin náà, wọn ò gbà.

Ọjọ́ kan ni wọ́n ṣàdédé gbà.

"Sátidé àkọ́kọ́ lẹ́yìn oṣù tó ń bọ̀," wọ́n sọ fún un lórí fóònù. "Màá kó àwọn adìyẹ mi fún ará ilé kejì, màá sì fún un ní kọ́kọ́rọ́ ilé. Ẹ gbọ́ mi dáadáa o. Tí mo bá kó adìyẹ mi dà nù, tí ẹ ò wá lọ́jọ́ náà, ẹ ò gbọdọ̀ sọ ọ́ sí mi létí mọ́ láéláé."

Ìyàwó mi sunkún ayọ̀ lọ́jọ́ yẹn. Ó ra kútẹ́ẹ̀sì pupa tuntun kan, ó kun gbogbo èékánná rẹ̀. Ó ní ìyá òun fẹ́ràn àwọ̀ yẹn.

Ẹ́ńjìnnì ni ìṣòro wa. Òkè yẹn ní kọ́nà méje. Ìgbà àkọ́kọ́ tí a gbìyànjú láti gùn ún, Ilé Onítáyà kú lójú kọ́nà kejì. Mo tún un tan, ó tún kú. Ìyá arúgbó kan tó gbé igi lérí kọjá lára wa, ó kí wa kú ìnáwó, ó sì ti ṣẹ́ kọ́nà kẹta kí táyà wa tó yí lẹ́ẹ̀kan.

Bí a ṣe dé ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi nìyẹn. Mẹkáníìkì ni, èmi àti ẹ̀ jọ jẹ́ ẹgbẹ́ lọ́jọ́ orí. Alámì ni gbogbo èèyàn ń pè é. Tó bá ti yí síkúrùù kan dé ibi tó fẹ́ kó wà, ó máa ń fi ẹnu búrọ́ọ̀ṣì kékeré kán ọ̀dà pupa sí i lórí, kó mú síkúrùù àti irin tó wà lábẹ́ rẹ̀ pọ̀. Mo bi í nígbà kan bóyá ẹwà ló ń wá.

"Ẹwà kẹ̀," ó ní. "Bí síkúrùù bá yí, ọ̀dà á là. Bó bá là, mo mọ̀ pé ọwọ́ mìíràn ti débẹ̀ lẹ́yìn tèmi. Iṣẹ́ tí mo bá sàmì sí, èmi ni mo ni ín. Kódà tó bá bàjẹ́, èmi ni mo ni ín."

Ẹ fi nǹkan kan sọ́kàn nípa ọkùnrin yìí. Ìyá rẹ̀ kò fẹ́ iṣẹ́ mẹkáníìkì fún un rárá. Olùkọ́ ni wọ́n fẹ́ kó dà. Títí di òní, bí ohunkóhun bá bàjẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n á ní, "Mo wí bẹ́ẹ̀." Nítorí náà, iṣẹ́ ọkọ̀ wa yìí, ó fẹ́ fi han ìyá rẹ̀ ni. Ó fẹ́ kó jẹ́ pé iṣẹ́ tí wọn ò fẹ́ ni yóò gbé wọn wálé lórí bẹ́ẹ̀dì.

Ó ṣàlàyé fún mi. "Ẹ́ńjìnnì yín, Àná, tó bá ń sáré, ó lágbára. Tó bá ń rìn jẹ́jẹ́, kò ní. Òkè sì rèé, kì í jẹ́ kéèyàn sáré. Agbára ìsàlẹ̀ la ó wá fún un, agbára tí ọkọ̀ fi ń fa ẹrù nígbà tí táyà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yí."

Ó pààrọ̀ jíà tó wà nídìí táyà ẹ̀yìn kí ẹ́ńjìnnì lè rí ẹrù náà fà. Ó wá tọ́bò kékeré kan, ohun tí ń fẹ́ atẹ́gùn sínú ẹ́ńjìnnì, ó ní kékeré ló dára torí òun ló máa ń tètè jí. Ó fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣe é, ó ń lọ, ó ń bọ̀, kò kánjú. Ara ń ta mí. Àwọn ará orí bẹ́ǹṣì ń bi mí lójoojúmọ́: "Ìgbín ńkọ́? Ṣé ó ti yọ ìwo?" Ọ̀kan nínú wọn á dáhùn fún mi pé, "Ẹ fi sílẹ̀ o, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ là á pa àmúkùrù ẹ̀pọ̀n." Wọ́n á rẹ́rìn-ín títí orí tí mò ń gẹ̀ lọ́wọ́ á fi máa mì.

Ní Túsídeè ọ̀sẹ̀ tí a máa lọ gan-an, èmi àti Alámì gbé e lọ sí òkè láti dán an wò. Ó gun kọ́nà mẹ́rin. Lójú ìkẹrin, ọwọ́ géèjì ooru bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè, Alámì sì ní ká dúró, ká yí padà.

"Ó ti ń fà báyìí, àbí kò fà?" ó bi mí.

"Ó ń fà. Ṣùgbọ́n ó ń fà bí ẹni tí ebi ń pa."

Ó rẹ́rìn-ín. "Òótọ́ lẹ sọ. Mo há dísù, epo tó ń mu, mọ́ ọn lọ́wọ́ ni. Tí mo bá fún un sí i lónìí, ooru rẹ̀ á ju ohun tí rédíétọ̀ àtijọ́ tó ń mú un tutù yìí lè gbé lọ. Mo ti rí rédíétọ̀ ńlá nílùú kejì. Ọ̀la ni mò ń lọ, Sátidé ni màá gbé e dé. Ẹ bá mi pe Màmá, ẹ ní kí wọ́n fún wa ní ọ̀sẹ̀ méjì sí i."

"Kí ló dé tí ẹ ò pè wọ́n fúnra yín?"

"Tí èmi bá pè, wọ́n á ní, 'Mo wí bẹ́ẹ̀.' Ẹ̀yin ni wọ́n ń gbọ́ tiyín. Kí ẹ tètè pè wọ́n o, kí wọ́n tó kó adìyẹ wọn sílẹ̀."

Mo ní màá pè wọ́n.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ìpè kan péré ni. Ìṣẹ́jú méjì. Mo gbé fóònù lẹ́ẹ̀mẹta lọ́jọ́ yẹn, mo tún gbé e sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Ohun tó fà á ni pé mo ti fọ́nnu. Lọ́sẹ̀ tó ṣáájú, níwájú gbogbo ará orí bẹ́ǹṣì, mo ti pariwo sínú fóònù pé, "Màmá, tí n ò bá dé ẹnu ọ̀nà yín kí oòrùn tó mú lọ́jọ́ Sátidé, ẹ má pè mí ní ọkọ ọmọ yín mọ́!" Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ojú ń tì mí láti pe obìnrin yẹn padà pé ó di ọ̀sẹ̀ méjì.

Ọjọ́bọ̀ ni ọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Kíákíá wá gẹrun. Ó máa ń tún ọkọ̀ àjàgbé ṣe létí títì. Bí mo ṣe ń fi kíríìmù pa á nírùngbọ̀n ni mo ń ṣàròyé fún un.

"Tọ́bò ti wà níbẹ̀?" ó bi mí.

"Ó wà níbẹ̀."

"Jíà ẹ̀yìn ńkọ́?"

"Wọ́n ti pààrọ̀ ẹ̀."

"Bàbá, kí lẹ wá ń dúró dè? Síkúrùù kan ló kù, lára pọ́ǹpù dísù. Ìyípo kan àbọ̀. Kí ẹ tó gbá irun tó wà nílẹ̀ yìí tán, mo ti ṣe é."

"Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi ní a ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Ó ní ooru."

"Ooru!" Ó rẹ́rìn-ín tí kíríìmù fi bọ́ sórí aṣọ. "Ọkọ̀ mélòó ni mo ti ṣe bẹ́ẹ̀ fún? Àwọn mẹkáníìkì tó ń kun ọ̀dà yìí, ẹ̀rù ló ń bà wọ́n. Ẹ fẹ́ gun òkè àbí ẹ ò fẹ́ gùn ún?"

Mo fẹ́ gùn ún. Ọlọ́run ló mọ bí mo ṣe fẹ́ gùn ún tó.

Ó mú síkúrùdíráfà jáde nínú àpò ẹ̀yìn ṣòkòtò rẹ̀. A jọ wọ inú ọkọ̀. Lára irú ọkọ̀ àtijọ́ yẹn, ìdérí ẹ́ńjìnnì wà láàárín àga méjèèjì iwájú, tí èèyàn bá ṣí i, gbogbo nǹkan wà níwájú ẹ̀. Mo rí àmì pupa Alámì lórí síkúrùù náà, ó mọ́ tónítóní. Kíákíá ki irin bọ̀ ọ́. Ọ̀dà náà ṣe pẹ́, ó là sí méjì. Mo gbọ́ ìró rẹ̀, ẹ máà sọ pé n kò gbọ́. Ìgbà yẹn ni ó yẹ kí n sọ pé kó dúró.

Mo ní, "Ṣé ìyẹn tó?"

"Ẹ jẹ́ ká fi ìlàjì kún un," Kíákíá dáhùn.

Nígbà tí mo tan án, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ máa jó. Ẹsẹ̀ mi ò tíì tẹ̀ ẹ́ dáadáa tó fi fò síwájú. Mo gbé e gba àdúgbò yíká lẹ́ẹ̀kan, ó ń fa ara rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fún lóúnjẹ lóòótọ́. Èéfín dúdú ń tú jáde nídìí rẹ̀. Obìnrin tó ń gbé lẹ́yìn àgbàlá wa sáré jáde, ó di ọwọ́ mọ́ ìbàdí.

"Ṣé aṣọ funfun mi lẹ fẹ́ pa láró ni? Ta ló rán yín níṣẹ́?"

"Ẹ má bínú, Mọ́mì," mo ké sí i láti ojú fèrèsé. "Ìgbín ti di ẹṣin ni!"

Àwọn ará orí bẹ́ǹṣì bú sẹ́rìn-ín. Inú mi dùn. Ó ti pẹ́ tí inú mi ti dùn bẹ́ẹ̀ gbẹ̀yìn.

Lẹ́yìn tí Kíákíá lọ tán ni mo tún ṣí ìdérí náà. Àmì tó là ń wò mí. Mo wá ọ̀dà pupa káàkiri ṣọ́ọ̀bù, kò sí. Mo bá wọlé, mo mú ìgò kútẹ́ẹ̀sì ìyàwó mi lórí pẹpẹ ilé ìwẹ̀. Mo fi aṣọ nu síkúrùù náà, mo yọ́ kán kútẹ́ẹ̀sì sí i lórí, mo fẹ́ ẹ lẹ́nu títí ó fi gbẹ. Nínú òjìji àgbàlá yẹn, kò yàtọ̀ sí ti Alámì rárá. Mo dá ìgò padà.

Nígbà tí ìyàwó mi dé, ó bi mí, "Dádì, ọkọ̀ ńkọ́?"

"Ẹ̀gbọ́n rẹ ti parí ẹ̀. Ó ní ká máa lọ ní Sátidé."

Ó fò mọ́ mi. Ó fẹ́ pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ láti dúpẹ́. Mo ní, "Ó wà lójú ọ̀nà, ó ń wakọ̀. Jẹ́ kó dé ná."

Irọ́ kìíní nìyẹn. Lọ́jọ́ Jímọ̀, Alámì fúnra rẹ̀ pè mí láti ìlú tó lọ. "Ṣé Màmá gbà?"

"Wọ́n gbà. Ọ̀sẹ̀ méjì."

"Ẹ ṣeun gan-an, Àná mi. Ẹ bá mi ṣe é." Ohùn rẹ̀ fúyẹ́. "Rédíétọ̀ yìí dára o. Ẹ ó rí i."

Irọ́ kejì nìyẹn. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé mi ò lè jẹun dáadáa lálẹ́ ọjọ́ náà. Ṣùgbọ́n mo sọ fún ara mi pé tí a bá ti gbé Màmá délé láyọ̀, ta ni yóò tún máa wo síkúrùù?

Ní àárọ̀ Sátidé, bí ìyàwó mi ṣe ń tún èékánná rẹ̀ kùn, ó fi ìgò náà sí imú. "Dádì, kí ló dé tí kútẹ́ẹ̀sì mi ń rùn bí epo ọkọ̀?"

"Bóyá ọwọ́ mi ló kàn án nígbà tí mo ń wá ọṣẹ."

Ó wò mí díẹ̀, ó kun èyí tó kù. Ó ti tẹ́ bẹ́ẹ̀dì inú ọkọ̀, ó to ìrọ̀rí mẹ́rin sí i, ọ̀kan fún orí, mẹ́ta fún ìbàdí.

A gbéra. Kọ́nà kìíní, kọ́nà kejì, kọ́nà kẹta, a gùn ún bí ẹni tó ń rìn nínú pálọ̀ ilé rẹ̀. Mo kọjá ọkọ̀ akẹ́rù kan, mo fọn fèrè fún un. Ìyàwó mi ń rẹ́rìn-ín, ó ń pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní oríkì. "Ọwọ́ ẹ̀gbọ́n mi! Ẹ rí i bí iṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀gbọ́n mi ṣe ń sọ̀rọ̀!"

Lójú kọ́nà kẹrin, ó ní, "Dádì, ọwọ́ géèjì yìí ń gòkè."

"Àwa náà ń gòkè, kí ló fẹ́ ṣe?"

Lójú ìkarùn-ún, ó ní, "Ó ti dé ibi pupa. Ẹ jẹ́ ká dúró kó tutù."

Ó yẹ kí n dúró. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ ń fà, ẹ̀yin èèyàn mi! Ọkọ̀ tí arúgbó onígi ti fi ṣe ẹlẹ́yà, ó ń fà lábẹ́ ẹsẹ̀ mi, mo sì ti ń wo òrùlé Màmá lókè. Mo ní, "Kọ́nà méjì ló kù."

Kọ́nà kan ló gùn sí i. Lójú ìkẹfà, nǹkan kan dún gbàù láàárín èmi àti ìyàwó mi. Èéfín funfun bo gbogbo dígí, òórùn epo gbígbóná kún inú ọkọ̀. Kò sí agbára mọ́. Mo tẹ bíréèkì, mo sáré ki òkúta bọ abẹ́ táyà. Láti ibi tí a dúró sí, a rí Màmá lórí bẹ́ǹṣì iwájú ilé wọn, báàgì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ wọn, ìborùn funfun lórí. Wọ́n ti jókòó síbẹ̀ láti àárọ̀ pẹ̀lú ìbàdí yẹn. Wọ́n sì ń wo èéfín wa.

Ìyàwó mi pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Inú ti bí i débi pé kò dúró gbọ́ èsì. "Ọkọ̀ tí ẹ ní ó ti dára ti kú sórí òkè. Màmá ń wò wá. Ẹ máa bọ̀!" Ó gé fóònù.

Màmá kò dúró sójú kan. Wọ́n fara ti ọ̀pá lápá kan, wọ́n fara ti ará ilé kejì lápá kejì, wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀ wá bá wa. Ọ̀nà tí ọmọdé á sáré ní ìṣẹ́jú méjì, ìlàjì wákàtí ni wọ́n fi rìn ín. Èmi ni mo ń wò wọ́n ní gbogbo ìgbà náà.

Wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ jọ dé ni, àwọn àti Alámì. Ìpè náà bá a lójú ọ̀nà nígbà tó ń ti ìrìn àjò bọ̀, ó sì wá tààrà, eruku ṣì wà lórí irun rẹ̀. Rédíétọ̀ ńlá náà wà lẹ́yìn ọkọ̀ rẹ̀, ó fi bùláńkẹ́ẹ̀tì wé e bí ọmọ tuntun.

Màmá kò jẹ́ kó kí wọn tán. "Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ rèé," wọ́n ní. "Mo wí bẹ́ẹ̀. Mo wí bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí o ti wà lọ́mọ ọdún mẹ́rìndínlógún. Wọ́n fi ẹ̀mí àbúrò rẹ sínú irin tí o dè, irin náà sì tú."

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n wò ó ná."

Ó wọ inú ọkọ̀, ó ṣí ìdérí ẹ́ńjìnnì. Ìyàwó mi dúró sí ẹnu ilẹ̀kùn. Alámì fi àkísà nu pọ́ǹpù. Ọwọ́ rẹ̀ dé orí síkúrùù yẹn, ó dúró. Ó fi èékánná ha ọ̀dà náà díẹ̀. Ó gbé ojú sókè, ó wò mí.

Ó kàn ń wò mí. Mo mọ ohun tó ń ṣe: ó ń fún mi láyè. Ọkùnrin yẹn mọ̀, ó sì fẹ́ kí n fi ẹnu ara mi sọ ọ́ níwájú ìyàwó mi, kí n má bàa tẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ.

Mo yíjú sí ojú fèrèsé. Mo ń wo igi.

Mo gbọ́ ohùn rẹ̀ lẹ́yìn mi. "Ẹ má bínú, Màmá. Ẹ̀bi iṣẹ́ mi ni. Àmì mi ló wà lórí ẹ̀."

Ẹ gbọ́ mi. Títí di ibi yẹn, mo lè sọ pé ìkánjú ló ṣe mí. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó gba ẹ̀bi mi rù níwájú ìyá rẹ̀, tí mo sì dákẹ́, tí ara mi tún fúyẹ́, ìyẹn kì í ṣe ìkánjú. Mi ò mọ orúkọ tí mo lè pe ìyẹn, àfi ìwà ọ̀dàlẹ̀.

Ìyàwó mi ti sún mọ́ ọn kó lè rí ibi tó bàjẹ́. Oòrùn gba ojú dígí wọlé tààrà sórí ẹ́ńjìnnì. Ọ̀dà orí síkúrùù náà bẹ̀rẹ̀ sí í tàn yanranyanran, wínníwínní bíi góòlù. Kútẹ́ẹ̀sì tó ń dán nínú oòrùn ni, ẹ̀yin obìnrin mọ irú ẹ̀. Nínú òjìji àgbàlá, mi ò rí i.

Ó wo síkúrùù náà. Ó na ọwọ́ rẹ̀, ó fi ìka rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Èékánná àti síkúrùù, ọ̀kan náà ni wọ́n.

"Ẹ̀gbọ́n," ó ní jẹ́jẹ́, "ṣé ẹ ti ń lo kútẹ́ẹ̀sì báyìí ni?"

Alámì ń fi àkísà nu ọwọ́.

Ó yíjú sí mi. Ọdún méjìdínlógún tí a ti fẹ́ra wa, 'ẹ' àti 'Dádì' ló fi ń bá mi sọ̀rọ̀. "Ìwọ lo ṣe é," ó ní. "O gbé kútẹ́ẹ̀sì mi, o fi purọ́ mọ́ ẹ̀gbọ́n mi. O wá dúró síbẹ̀, o ń gbọ́ bí Màmá ṣe ń bú u."

"Jẹ́ kí n ṣàlàyé..."

"Kí lo fẹ́ ṣàlàyé? Ṣé ó ní ká máa bọ̀ lónìí?"

Mo wo Alámì, mo wo ilẹ̀. "Kò sọ bẹ́ẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì ló bèèrè. Èmi ni mi ò pe Màmá."

Kò sí ẹni tó pariwo. Ì bá sàn kí wọ́n pariwo. Màmá, tí wọ́n fara ti ilẹ̀kùn ọkọ̀, wò mí láti orí dé ẹsẹ̀. Wọ́n yíjú sí ọmọ wọn, wọ́n gbé ọwọ́ lé eruku orí irun rẹ̀. "Má bínú, ọmọ mi," wọ́n ní. "Ẹnu mi yá." Alámì tẹrí ba bí ọmọ kékeré, ọkùnrin àádọ́ta ọdún.

Lẹ́yìn náà Màmá na ọwọ́ sí ará ilé kejì. "Bá mi mú kọ́kọ́rọ́ mi wá. Adìyẹ mi kò tíì gbàgbé ilé."

Ìyàwó mi kúnlẹ̀, ó bẹ̀ wọ́n. Èmi náà dọ̀bálẹ̀ sórí títì, lórí epo tó dà sílẹ̀. "Mo ti sọ ọ̀rọ̀ mi," wọ́n ní. "Ọjọ́ tí mo fẹ́ lọ ti kọjá."

Oṣù márùn-ún ni Alámì fi tún ẹ́ńjìnnì yẹn ṣe. Ó tú u palẹ̀, ó pààrọ̀ gbogbo ohun tó jó, ó fi rédíétọ̀ ńlá sí i, ìgbà yẹn ló tó fún un ní dísù sí i díẹ̀díẹ̀, ó ń wo géèjì. Mo máa ń lọ síbẹ̀ láti kí i. "Ẹ kú iṣẹ́," màá ní. "Ẹ ṣé," á ní. Kò tún pè mí ní Àná mi. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ pé ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Mo ti gbọ́ òwe yẹn láti kékeré, ṣùgbọ́n àgbàlá mẹkáníìkì ni mo ti lóye rẹ̀.

Nígbà tó parí, ìyàwó mi ló gba kọ́kọ́rọ́. Ó wà á fúnra rẹ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jókòó ti í. Mo dúró ní ìsàlẹ̀ òkè, mò ń gbọ́ ìró rẹ̀: kọ́nà méje, jẹ́jẹ́, kò kọsẹ̀, kò gbóná. Ọkọ̀ tí mo fẹ́ kó gun òkè ti gun òkè.

Kò sì sọ̀ kalẹ̀ mọ́. Màmá kọ̀ láti bá wọn wálé, ìyàwó mi wá ní bí òkè kò bá lè wá bá òun, òun á dúró ti òkè. Ó gbé Ilé Onítáyà sí iwájú ilé ìyá rẹ̀. Ibẹ̀ ló ń gbé báyìí, ó ń tọ́jú wọn. "Mi ò kọ̀ ẹ́," ó sọ fún mi. "Màmá mi ni mò ń tọ́jú." Èmi ń dá gbé lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù. Àwọn ará orí bẹ́ǹṣì kò bi mí ní ìbéèrè Ìgbín mọ́.

Gbogbo ọjọ́ Sọ́ńdè ni mo ń wọ bọ́ọ̀sì lọ sọ́dọ̀ wọn, màá fi ẹsẹ̀ rin kọ́nà tó kù. Ẹ̀yin tí ẹ ń kà mí, tí ẹ bá ní ìpè kan tí ojú ń tì yín láti pè, ẹ pè é lónìí. Ìtìjú ìṣẹ́jú méjì ni. Tèmi ti lé ní ọdún kan.

Sọ́ńdè tó kọjá, mo bá Màmá tí wọ́n dùbúlẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì inú ọkọ̀, ìrọ̀rí mẹ́rin yẹn lábẹ́ wọn, wọ́n ń wo adìyẹ wọn láti ojú fèrèsé. Wọ́n dá mi lóhùn nígbà tí mo kí wọn. Ìyàwó mi bu tíì fún mi. Ó ní, "Ẹ kú ìrìn, Dádì." Ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ 'Dádì' gbẹ̀yìn. Inú mi dùn débi pé mo dìde, mo fẹ́ wúlò. Mo na ọwọ́ sí ìdérí ẹ́ńjìnnì, mo ní, "Jẹ́ kí n bá yín wo epo rẹ̀."

Kò bínú. Ó kàn rọra gbé ọwọ́ lé ìdérí náà, ọwọ́ tí kò kun èékánná rẹ̀ mọ́ láti ọjọ́ yẹn.

"Ẹ jókòó, ẹ mu tíì yín," ó ní. "Ẹ̀gbọ́n ń bọ̀ lọ́la."

Mo jókòó.